Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà sí gáà òyìnbó, ṣé ẹ padà fẹ́ràn ẹ̀?

ÌyáTèmi:
Ẹ kúulé o. Ọkọ mi, dókítà ẹranko ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ráńṣì kan, gáà màlúù àwọn òyìnbó yẹn, ní Flint Hills, ní Kansas, wọ́n fún wa nílé síbẹ̀, oṣù kẹta la máa kó kúrò ní Houston. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ti sunkún títí ojú ẹ̀ fi wú, àbúrò ẹ̀ ní ṣé a fẹ́ di Fúlàní ni. Ká sòótọ́, nígbà tá a lọ wo ibẹ̀, koríko lọ súà, kò sígi, ilé tó sún mọ́ wa jù, máìlì mẹ́rin. Ṣé ọmọ lè fẹ́ràn irú ibẹ̀ báyìí?

Ọmọ_Manhattan:
Àǹtí, ẹ kú ìpalẹ̀mọ́. Manhattan tèmi kì í ṣe ti New York o, ti Kansas ni, ibẹ̀ ni bàbá mi ti kàwé dókítà ẹranko kó tó kó wa lọ sí ráńṣì ní Chase County, ọmọ ọdún 9 ni mí nígbà yẹn. Ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo kórìíra gbogbo ẹ̀. Atẹ́gùn ibẹ̀ kì í sinmi, jákẹ́ẹ̀tì mi ń rùn bí ìgbẹ́ màlúù, àwọn ọmọ iléèwé ń bi mí bóyá kìnnìún wà nílé wa.

Oṣù kejì ọdún kejì ni màlúù kan bímọ sínú yìnyín tó sì kọ ọmọ ẹ̀. Bàbá mi gbé e wọ kíṣìnì lóru, etí ẹ̀ gan bíi pọ̀ǹmọ́ gbígbẹ, ìyá mi ń pariwo táwẹ̀lì òun, táwẹ̀lì òun! Wàrà àkọ́kọ́ tó nípọn yẹn gbọ́dọ̀ wọnú ẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní lágbára láti bá àìsàn jà, ṣùgbọ́n kò fa fídà. Bàbá mi ní kí n ki ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Ẹnu ẹ̀ tutù ṣáá, a ń fi táwẹ̀lì nù ún, a ń nù ún, ìgbà tó yá ó rọra móoru, ló bá gbá ìka mi mú, ahọ́n ẹ̀ rí bíi kànìnkàn. Láti ọjọ́ yẹn, aago márùn-ún àárọ̀ ni mò ń jí lọ fún un ní fídà, ẹnì kankan ò jí mi. Mo sọ ọ́ ní Dòdò.

Tẹ́ ẹ bá fi máa dé, ẹ máa bá iná. Láàárín oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ni wọ́n máa ń dáná sun ọ̀dàn yẹn, àwọn Kaw àti Osage, àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ gan-an, ti ń sun ún kí òyìnbó tó débẹ̀, torí tí wọn ò bá sun ún, igi á gbà á. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, ó ti tutù yọ̀yọ̀. Òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n lè fi túlẹ̀túlẹ̀ ya á, níbòmíì èyí tó pọ̀ jù nínú irú koríko gíga yẹn ti di oko àgbàdo. Bàbá mi kàn ń rẹ́rìn-ín ni, ó ní nílé, ẹni tó bá dáná sungbó òkété ló ń wá.

Adé_Saskatchewan:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ṣúgà sí i fún yín o jàre. Ta ló máa bá ọmọbìnrin yẹn dirun? Èmi àti ọmọ mi, wákàtí mẹ́ta ni lílọ sọ́dọ̀ onídìrí nìkan, ó sì máa ń gbé ìwé iṣẹ́ iléèwé ẹ̀ dání. Ẹ kọ́ irun dídì kẹ́ ẹ tó kó, kẹ́ ẹ ra gàrí dání.

Bàbá_Ẹlẹ́ṣin:
Ẹ kọ́ wọn ní nǹkan méjì péré. Géètì tí wọ́n bá bá ní títì, kí wọ́n tì í padà, èyí tí wọ́n bá bá ní ṣíṣí, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má sì dúró sáàárín màlúù àti ọmọ ẹ̀ láé!

ÌyáTèmi:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ti ka ti Dòdò fún un, ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí ò gbọ́, ó tún wá padà wá bi mí bóyá kíṣìnì tuntun yẹn tóbi. Ó ní kí n bi yín, níbo ni Dòdò wà báyìí?

Ọmọ_Manhattan:
Hmm. Àǹtí, wọ́n tà á lóṣù kẹwàá. Ẹ sọ fún un pé ó lọ sí Dodge City, ẹ má tíì jẹ́ kó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀.