Báwo ni mo ṣe máa mọ olùkọ́ kẹ́mísìrì tó mọṣẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà, lọ́nà Lágere. Àbúrò mi obìnrin wà ní ọdún kejì ní yunifásítì, organic chemistry sì ti fojú ẹ̀ rí màbo. Ọ̀nà méjì kan wà tí apá kan lára mólékù fi ń kúrò tí òmíràn á sì rọ́pò ẹ̀, SN1 àti SN2 ni wọ́n ń pè wọ́n. Ó ti há a sórí pé ìgbésẹ̀ kan ni SN2, pé méjì ni SN1. Àmọ́ tí wọ́n bá gbé mólékù síwájú ẹ̀ pé èwo ló máa ṣẹlẹ̀ níbí, ó di kó máa wòkè. Èmi tí mò ń ránṣọ, kí ni mo fẹ́ wí?

A ti gbìyànjú lẹ́sìnnì alájùmọ̀kọ́. Èrò pọ̀ jù, ojú sì ń tì í láti béèrè ọ̀rọ̀. Fídíò YouTube dáa, ṣùgbọ́n fídíò kì í dáni lóhùn. Ní báyìí, a rí ẹnì kan tó máa kọ́ òun nìkan lórí Zoom, àmọ́ owó oṣù kan gbáko ló fẹ́ gbà sílẹ̀. Dátà náà tún wà níbẹ̀ o!

Ìbéèrè mi rèé: kí ni kí n ní kí olùkọ́ yìí ṣe kí n tó sanwó, tí màá fi mọ̀ pé ó mọ̀ ọ́n kọ́ lóòótọ́?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú pé ó gùn. Mo dúpẹ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo yín.