Ìbọn ìléwọ́ wo ni kí ìyàwó mi kọ́kọ́ rà?

Ọmọ Ìbarà:

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ilé wa ní Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìlú Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ni èmi àti ìyàwó mi ti ń gbé láti ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn. Ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó gbé wa wálé. Ìyàwó mi ní ṣọ́ọ̀bù tí ó ti ń ta oúnjẹ ilẹ̀ wa, bíi gàrí, ẹ̀lùbọ́, irú àti ẹja gbígbẹ. Agogo mẹ́sàn-án alẹ́ ni ó máa ń ti ìlẹ̀kùn, òun nìkan ni ó sì máa ń rìn lọ síbi tí ó gbé ọkọ̀ sí, pẹ̀lú owó ọjọ́ náà lọ́wọ́. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnìkan tẹ̀ lé e títí dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ọlọ́run yọ ọ́, kò sí ohun tí ó sọnù, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni ó ti ní òun fẹ́ ní ìbọn ìléwọ́ kékeré tí òun yóò máa gbé sábẹ́ aṣọ láìhàn sójú.

Àwa méjèèjì ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí ìdíwọ́ ní ti ìwé, mo sì mọ̀ pé láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tí ó bá ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì ká lọ́wọ́ kò lè gbé ìbọn ìléwọ́ ní Texas láìgba ìwé àṣẹ. Ohun tí ń dà mí láàmú ni èwo ni kí ó rà. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni ó tíì yin ìbọn rí láyé rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò sì tóbi. Ọjọ́ tí a lọ wò ó, ẹni tí ń tà á gbé Ruger LCP lé e lọ́wọ́, ìbọn tí ìwúwo rẹ̀ kò tó 300 gíráàmù, ó ní èyí ni ìbọn obìnrin, pé yóò wọ inú àpamọ́wọ́ rẹ̀ láìsí wàhálà. Kíkéré rẹ̀ wu ìyàwó mi. Ọkàn tèmi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé ìbọn tí ó kéré jù lọ ni ó yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ?

Ìyá Ìbejì, Adátán:

Àbúrò mi, ẹ káàbọ̀ sílé, ẹ sì kú ewu ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí ìyàwó wa. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo lò ní Dallas kí n tó padà wá sí Adátán. Ohun tí wọ́n sọ fún yín yẹn gan-an ni wọ́n sọ fún mi, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ìbọn tí mo rà kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ìka méjì péré ni ó rí ibi dì mú lára èkù rẹ̀, ọmọńdinrín mi kò rí nǹkan kan fara tì. Bí mo ṣe yìn ín báyìí, ó fò sókè lọ́wọ́ mi, ó sì bó mi lára láàárín àtàǹpàkò àti ìfábẹ̀lá. Nígbà tí n ó fi yin ẹlẹ́ẹ̀kẹwàá, mo ti ń di ojú kí ìbọn tó dún, gbogbo ọta mi sì ń balẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ohun tí mo fojú sùn. Oṣù mẹ́rin gbáko ni n kò fi padà sí pápá ìdánrawò. Ìbọn wà nínú dúrọ́ọ̀, èmi tí mo fowó mi rà á sì ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn án.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Agbára tí ó ń ti ọta síwájú náà ni ó ń ti ìbọn sẹ́yìn. Bí ìbọn bá wúwo, ara rẹ̀ ni yóò gba púpọ̀ nínú rẹ̀, bí ó bá sì fúyẹ́, ọrùn ọwọ́ ẹni tí ó dì í mú ni yóò gbà á. Yàtọ̀ sí èyí, bí ìbọn bá ṣe kúrú tó ni ibi méjì tí a fi ń fojú sùn lórí rẹ̀ ṣe máa ń sún mọ́ra tó, tí ó fi jẹ́ pé ṣíṣìpò díẹ̀ ní ọwọ́ yóò di ńlá lọ́ọ̀ọ́kán. Ẹni tí ó ti mọ ìbọn yìn dáadáa ni irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wà fún, kì í ṣe ẹni tuntun.

Èyí tí mo padà rà ni Glock 19, tí ilé iṣẹ́ Glock ti Austria ti ń ṣe láti ọdún 1988. Ọ̀pá rẹ̀ gùn tó mìlímítà 102, ó ń gba ọta 15, ó sì wúwo tó nǹkan bíi 600 gíráàmù láìsí ọta nínú rẹ̀. Yíyìn rẹ̀ rọrùn fún mi láti ọjọ́ kìíní. Gbígbé e pamọ́ ni iṣẹ́ wà. Lábẹ́ bùbá, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìró kò lè gbé e, nítorí pé bó ti wù kí a so ìró le tó, ìbọn yóò máa fà á wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Nígbẹ̀yìn, ṣòkòtò àti ìgbànú awọ líle ni mo ń wọ̀ sábẹ́ bùbá mi lọ sóde. Bí ìyẹn bá tóbi jù fún ìyàwó wa, SIG P365 wà, tí ó jáde ní ọdún 2018, Glock 43X náà sì wà, tí ó jáde ní ọdún 2019. Ọta mẹ́wàá mẹ́wàá ni àwọn méjèèjì ń gbà. Lójú tèmi, 43X ni ó yẹ ọwọ́ kékeré jù, nítorí pé ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, èkù rẹ̀ sì gùn tó kí gbogbo ìka rí ibi dì mú.

Ẹ má fi ẹnu ẹnikẹ́ni rà á o, títí kan ẹnu tèmi. Ọ̀pọ̀ pápá ìdánrawò ní Texas ni ó ń yá ènìyàn ní ìbọn láti fi dánra wò. Bí ó bá sì jẹ́ owó ìyàwó yín ni ẹ ó fi rà á, òun fúnra rẹ̀ ni kí ó kọ ìwé 4473, ìwé ìjọba àpapọ̀ tí ẹni tí ń ra ìbọn máa ń kọ ní ilé ìtajà, nítorí pé ìwé náà ń béèrè bóyá ẹni tí ó ń fọwọ́ sí i ni ó ń ra ìbọn náà ní tòótọ́, irọ́ pípa níbẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀ wọn. Bí ẹ bá fowó ara yín rà á láti fi ta á lọ́rẹ, ìyẹn kò burú.

Ajagunfẹ̀yìntì, Alámàlà:

Ọmọ mi, òótọ́ ni Ìyá Ìbejì sọ. Browning ni wọ́n fi kọ́ mi nínú iṣẹ́ ológun, ìbọn tí ó sún mọ́ kílógíráàmù kan. Ọta tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ mìlímítà mẹ́sàn-án, kan náà tí ó ń gbá ènìyàn lọ́wọ́ nínú ìbọn kékeré, pẹ̀lẹ́ ni ó ń ṣe nínú rẹ̀.

Ohun tí ó kàn tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni irin orí ìbọn, èyí tí a ń fà sẹ́yìn kí ọta tó wọlé. Ọ̀pọ̀ ẹni tuntun ni kì í lè fà á tán, pàápàá lára àwọn ìbọn kéékèèké, nítorí pé sípíríǹgì wọn máa ń le. Nígbà mìíràn, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fà á ni kò dára: wọ́n á na ọwọ́ jìnnà, wọ́n á wá máa fi ìka méjì fà á bí ẹni fẹ́ já èso. Kí ìyàwó rẹ mú ìbọn súnmọ́ àyà, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ibi tí kò léwu, kí ó fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ òsì di irin náà mú láti òkè, kí ó sì máa fi ọwọ́ ọ̀tún ti èkù síwájú bí òsì ti ń fà sẹ́yìn. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ṣe Shield EZ nítorí irú èyí gan-an; ti .380 (ọta tí agbára rẹ̀ kéré sí ti mìlímítà mẹ́sàn-án) jáde ní ọdún 2018, ti mìlímítà mẹ́sàn-án sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2020. Ọta mẹ́jọ ni ó ń gbà, ìdè kan sì wà lẹ́yìn èkù rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó yìn bí ọwọ́ kò bá dì í mú dáadáa.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé kí ó ra ìbọn alágbá yíyí (revolver), nítorí pé kò ní irin tí a ń fà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ibi tí a ń fi ìka fà lára rẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń jìnnà. Ìka ẹni tuntun yóò mi ìbọn kúrò lójú ibi tí ó sùn kí ó tó dún. Ọta márùn-ún péré ni ọ̀pọ̀ àwọn kékeré inú rẹ̀ sì ń gbà.

Ọ̀rọ̀ àpamọ́wọ́ tí ẹni yẹn sọ ni ó bí mi nínú. Ẹ má ṣe é. Ìbọn tí ó wà láìní akọ̀ nínú àpò kan náà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, bírò àti ike àtíkè, ohunkóhun ni ó lè kọ́ ibi tí a ń fi ìka fà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, nínú ilé ìtajà kan ní ìpínlẹ̀ Idaho, ọmọ ọdún méjì na ọwọ́ sínú àpamọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó kan ìbọn tí ó wà níbẹ̀, ìbọn dún, ìyá náà sì kú lójú ẹsẹ̀. Akọ̀ líle tí ó bo ibi tí a ń fi ìka fà pátápátá, tí a so mọ́ ìgbànú, ni kí ó rà ní ọjọ́ kan náà tí ó bá ra ìbọn. Bí owó kò bá tó méjèèjì, kí ó dúró títí owó yóò fi tó.

Ọmọ Ọdẹ, Ìtòkú:

N kò mọ ìbọn Amẹ́ríkà, ṣakabùlà ni ti ilé wa, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan ni. Bàbá mi kì í gbé ìbọn wọ inú ilé láìkọ́kọ́ yọ ohun tí ń ṣáná lára rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, bí ó ti wù kí ó rẹ̀ wọ́n tó láti inú igbó. Òkè àjà ni wọ́n ń gbé e sí, ohun tí ń ṣáná náà á wà nínú àpò tiwọn. Àwa ọmọ mẹ́fà ni a dàgbà sínú ilé yẹn, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa fọwọ́ kan ìbọn tí ó lè dún. Ṣé ọmọ wà nílé yín ní Houston, ẹ̀gbọ́n? Ẹ ra àpótí onírin tí ó ní kọ́kọ́rọ́.

Agbẹjọ́rò, Kútọ̀:

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún un nítorí àwọn tí ń kà á láti ilé níbí. Kò sí èyí tí ó kan wa ní Nàìjíríà nínú ìmọ̀ràn rírà yìí. Òfin ìbọn wa, tí wọ́n ṣe ní ọdún 1959, fi ìbọn ìléwọ́ sí ara àwọn ìbọn tí ó ka léèwọ̀ fún ará ìlú, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún ní ìwé àṣẹ. Ṣakabùlà àti ìbọn ìṣọdẹ wà ní ìsọ̀rí mìíràn, àwọn náà sì ní ìwé tiwọn. Nítorí náà, Ọmọ Ìbarà, bí ẹ bá ń bọ̀ wálé lọ́dún tí ń bọ̀, inú àpótí onírin tí Ọmọ Ọdẹ sọ yẹn ni kí ẹ fi í sí ní Houston.

Ọmọ Ìbarà:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin àgbà mi. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ìyàwó mi létí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ìgbà tí mo dé ibi ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún méjì yẹn, ó ní kí n dúró ná, ó dìde, ó wọlé lọ wo àwọn ọmọ wa tí wọ́n ń sùn. Ọmọ méjì ni a ní, Ọmọ Ọdẹ; èyí àbíkẹ́yìn jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún. Àpótí onírin ni a ó kọ́kọ́ rà.

A ti fi ti LCP sílẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá padà dé, yóò yá 43X, P365 àti Shield EZ ti mìlímítà mẹ́sàn-án, yóò sì yin ọta àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá fà tán láìsí ìrànlọ́wọ́ mi, tí kò sì di ojú fún un, ni a ó gbé wálé.

Ìyá Ìbejì, Adátán:

Ó dára bẹ́ẹ̀. Àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ fún ọjọ́ kan ṣá o. Ọwọ́ rẹ̀ yóò ti rẹ̀ kí ó tó dé ìkẹta, yóò sì di ẹ̀bi ìbọn tí kò ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yin ogún ogún, kí ẹ sì padà lọ ní Sátidé kejì. Kí ó má wọ bùbá lọ síbẹ̀. Èèpo ọta tí ó ń ta jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìbọn máa ń gbóná janjan, ọrùn bùbá sì fẹ̀. Ọ̀kan bọ́ sí mi láyà rí, díẹ̀ ni ó kù kí n fi ìbọn tí ó ní ọta nínú yí padà sí ẹni tí ó dúró lẹ́yìn mi. Aṣọ tí ọrùn rẹ̀ há ni kí ó wọ̀.