MGB 1972 àbí Corolla 2014: èwo ló lè gba títì Èkó?

Ará Adéníran
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. MGB 1972 kan, ọkọ̀ MG ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká wà nílẹ̀ ní Sùúrùlérè. Corolla 1.8 tòkunbọ̀ ti 2014 náà wà, owó wọn ò sì jìnnà síra. Sùúrùlérè sí Marina ni ìrìn ojoojúmọ́, ọmọ méjì á sì máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà. Ṣé MG lè ṣe é? Ọkọ̀ eré ṣáà ni.

Bàbá Kábúrétọ̀
Ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. Agbára ẹṣin 95 ni ẹ́ńjìnì MGB ní, Corolla ní 132. Láti ojú ìdúró dé máìlì 60 ní wákàtí kan, MG á gba nǹkan bí ìṣẹ́jú-àáyá 12. Corolla á ti dé ibẹ̀ ṣáájú. Ìjókòó méjì péré ló sì ní, ọ̀rọ̀ ọmọ tán nìyẹn.

Sísáré kọ́ ló ń pa á, dídúró ni. Fáànù rẹ̀ so mọ́ pọ́ǹpù omi, ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá mú yín ní Costain, tí ẹ́ńjìnì ń rọra mí, fáànù náà á máa rọra yí, atẹ́gùn ò ní tó rédíétọ̀. Ibi tó burú sí: kábúrétọ̀ méjèèjì àti páìpù èéfín wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹ pa ọkọ̀, ooru á gòkè, epo á hó nínú kábúrétọ̀, tí ẹ bá padà dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní dáná. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá irin pẹlẹbẹ tó ń dá ooru dúró láàárín wọn ṣì wà. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti yọ ọ́ jù nù. Ẹ fọ inú rédíétọ̀, kí ẹ sì fi fáànù iná oníǹṣì 12 tó ń tan fúnra rẹ̀ rọ́pò ti àtijọ́.

Rewaya Mushin
Bátìrì rẹ̀ méjì ni, fóòtì 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀yìn ìjókòó ni wọ́n sin wọ́n sí. Ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn dáadáa, ibẹ̀ ló ń jẹrà. Ẹ lè fi fóòtì 12 kan ṣoṣo rọ́pò wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni máágínẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi aṣọ wé. MGB ò ní ṣaasí ọ̀tọ̀, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló gbé e dúró. Ibi tí máágínẹ́ẹ̀tì ò bá ti lẹ̀ mọ́ ọn, pọ́tì ni wọ́n fi dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè: tí àlàfo etí ilẹ̀kùn bá fún pọ̀, irin ti jẹrà nínú. Ẹ yáa máa lọ sílé.

Ìyá Tòkunbọ̀
Corolla náà ní tirẹ̀ o. Tí jíà rẹ̀ bá jẹ́ CVT, ìyẹn ọ̀tọ̀mátíìkì tí kò ní ìpele jíà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ATF, ọ́ìlì jíà ọ̀tọ̀mátíìkì lásán, sí i, ọ́ìlì CVT ti Toyota ni. Ti ẹ́ńjìnì, ọ́ìlì 0W-20 ni, lítà 4.2 pẹ̀lú fílítà tuntun. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó yọ tán pátápátá. Tí ìlà ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi ti gbé ọkọ̀ yẹn rí.

Ará Adéníran
Ẹ ṣé gan-an ni. Corolla fún iṣẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkàn ò kúrò lára MG fún ọjọ́ Àìkú... Ṣé iná rẹ̀ á lè gbé fáànù náà?

Rewaya Mushin
Á gbé e, ti 1972 ti ní ọ̀tánétọ̀, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀. Ẹ fún fáànù ní rílè (súwíìṣì tí iná ń tàn) àti fíúsì tirẹ̀, ẹ má so ó mọ́ wáyà àtijọ́. Kẹ́ ẹ sì kọ́kọ́ fi jáàkì gbé e ná.