Ọjọ́ mélòó ni wọ́n lè ti èèyàn mọ́lé kí ẹjọ́ tó bẹ̀rẹ̀?

Lọ́yà, Ìbàdàn:
Bí wọ́n bá mú èèyàn yín, wákàtí tí wọ́n mú un gan-an ni kí ẹ kọ sílẹ̀. Ẹ má gbára lé ìwé àgọ́ ọlọ́pàá, torí ẹni tí wọ́n mú lè ti wà lẹ́yìn káńtà láti àárọ̀ kí wọ́n tó kọ orúkọ rẹ̀ lálẹ́. Abala 35 ìwé òfin 1999 ní kí wọ́n gbé e dé kóòtù láàárín ọjọ́ kan bí kóòtù tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà bá wà láàárín kìlómítà 40. Bó bá jìnnà jù bẹ́ẹ̀, ó di ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí i pé ó tọ́. Láàárín wákàtí 24, kí wọ́n ti fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní èdè tó gbọ́.

Sítétímẹ́ǹtì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí ọlọ́pàá ń gbà sílẹ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú, ló ń ba ẹjọ́ jẹ́ jù. Ó lè dákẹ́ títí tó fi máa rí lọ́yà tàbí ẹni tó bá wù ú. Bí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ACJA 2015 (Administration of Criminal Justice Act, òfin bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn) ní kí ògbufọ̀ kọ ọ́, kó sì kà á sí i létí. Kó má tẹ̀ka sí ohun tí wọn ò kà fún un.

Akọ̀wé kóòtù tẹ́lẹ̀:
Ẹ fi ti gbèsè kún un, ẹ̀gbọ́n. ACJA yẹn kan náà (abala 8) ní kí wọ́n má mú ẹnikẹ́ni nítorí àdéhùn tó yẹ̀ lásán. Abala 7 ní kí wọ́n má mú ìyá dípò ọmọ. Ojoojúmọ́ ni wọ́n sì ń ṣe méjèèjì!

Ní ti béèlì, obìnrin lè dúró fún èèyàn; abala 167 ACJA ti sọ ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lé ìyàwó ilé padà. Onídùúró á mú fọ́tò àti ìwé ẹ̀rí owó orí wá, wọ́n á sì lọ wo ilé rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn onídùúró tí wọ́n ń háyà lẹ́nu géètì kóòtù ti ń kó bá èèyàn: bí àdírẹ́sì bá jẹ́ irọ́, béèlì wọ́gi. Bí wọ́n bá sì fún un ní béèlì ní ọ̀sán Friday, ìwé kì í sábà parí kó tó di Monday.

Lọ́yà, Ìbàdàn:
Òótọ́ ni. Èyí tó le jù ni ìpànìyàn àti ìdigunjalè, tí májísíréètì ò lágbára láti gbọ́. Májísíréètì á ní kí wọ́n fi ẹni náà sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n máa dúró de ìmọ̀ràn DPP (Director of Public Prosecutions, ọ̀gá àwọn agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe ẹjọ́ ọ̀daràn). ACJA fún wọn ní ọjọ́ 14, wọ́n lè fi 14 kún un bí ìdí bá wà. Lẹ́yìn ìyẹn, kóòtù á pe ọ̀gá ọlọ́pàá àti Attorney-General láàárín ọjọ́ 14 pé kí wọ́n wá sọ ìdí tí kò fi yẹ kó máa lọ. Bí wọ́n bá rí àlàyé ṣe, ọjọ́ 14 ìkẹyìn nìyẹn. Bí wọn ò bá rí, kí wọ́n tú u sílẹ̀. Kóòtù ìjọba àpapọ̀ àti Àbújá ni ACJA wà fún o. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, Èkó ti ní láti 2007, iye ọjọ́ sì lè yàtọ̀.

DPP náà ní ọjọ́ 14, ṣùgbọ́n ìgbà tí fáìlì bá dé ọwọ́ rẹ̀ ni kíkà bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá tó ń ṣèwádìí lè ti yí àgọ́ padà pẹ̀lú fáìlì nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀. Nítorí náà ẹ béèrè nọ́ńbà fáìlì, kí ẹ sì lọ wo òǹtẹ̀ ọjọ́ tí DPP gbà á. Bí kò bá sí òǹtẹ̀, ẹ kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá, tàbí kí lọ́yà gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ ilé-ẹjọ́ gíga. Ìlànà ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 2009 ní kí wọ́n dá ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ láàárín ọjọ́ 7.

Akọ̀wé kóòtù tẹ́lẹ̀:
Kí ẹ sì yẹ orúkọ tó wà lórí wáráǹtì, ìwé tí kóòtù fi rán an lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n, wò. Bó bá fi lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ti ìwé ìtúsílẹ̀, àwọn wọ́dà ò ní ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹ tún máa padà sí kóòtù lọ ṣàtúnṣe rẹ̀.