Dependency kò pé lórí Ubuntu 22.04 tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ ràn wá lọ́wọ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Kọ̀ǹpútà mẹ́fà ló wà ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ubuntu 22.04 ni gbogbo wọn, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Bí a bá fi `sudo dpkg -i` gbé .deb (fáìlì package ti Ubuntu) wọlé, "dependency problems - leaving unconfigured" ló ń kọ, ìyẹn ni pé àwọn package mìíràn tó nílò kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀rọ tó ní íntánẹ́ẹ̀tì wà ní Ṣágámù, àmọ́ 24.04 ni. Ohun tí `apt download` bá kó níbẹ̀ kò wúlò: libc6 (library ìpìlẹ̀ tí àwọn ètò ń lò) 2.39 ni púpọ̀ nínú wọn ń bèèrè, 2.35 ló wà lórí 22.04. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ `--force-depends`. Àṣìṣe yẹn ló kàn ń bò mọ́lẹ̀, library tó sọnù kò ní torí ìyẹn dé.

Ọ̀nà tó sún mọ́ ọn jù nìyí: `apt-get -f install --print-uris` lórí 22.04, tó ń kọ àdírẹ́sì àwọn .deb tó kù jáde, kí a wá fi wget dáńlóòdù àwọn àdírẹ́sì náà sórí fíláàṣì ní Ṣágámù. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń mú 404 wá, torí pé list àwọn package tó wà lórí 22.04 wa ti pẹ́, wọ́n sì ti fi ẹ̀dà tuntun rọ́pò ti àtijọ́.

`apt-get update --print-uris` ńkọ́? InRelease (fáìlì àkójọ tó ní ìfọwọ́sí) nìkan ló ń fi hàn. Packages.xz (list àwọn package gan-an, tí wọ́n fún pọ̀) dà? Tí a bá rí i, ṣé kí a tú u kó tó wọ `/var/lib/apt/lists`, orúkọ wo gan-an ni kó sì jẹ́?