Lọ́yà tí mo gbà lórí ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ mi ń dà mí láàmú, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Bekìrì: Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Inú ló ń bí mi, ẹ má wo gígùn ẹ̀. Mo ní bekìrì n'Íbàdàn, ìyá mi ló dá a sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí fúláwà ṣe gbówó lórí látìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní 2023, ṣúgà ńkọ́, dísẹ́lì ńkọ́, àwọn tó ń ra búrẹ́dì lọ́wọ́ wa láti lọ tà sì ní àwọn ò lè fi kọ́bọ̀ kún un. Mo wá ní kí n dín òṣìṣẹ́ kù. Nígbà tí ariwo bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ bá àwọn lọ́yà kan tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni wọ́n ń bá àwọn ọlọ́gàá ṣe, pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ló ń lò wọ́n. Mo lọ, omi lásán wọn ò fi lọ̀ mí, kí n tó sọ̀rọ̀ tán wọ́n ti kọ iye owó wọn síwájú mi. Lọ́yà yẹn, ọmọ tí mo lè bí, ó wá ń bi mí léèrè bí ọlọ́pàá: lẹ́tà tí mo fi gbà wọ́n dà, ọjọ́ wo ni kálukú wọlé, ta ló dé kẹ́yìn, ṣé mo pè wọ́n jókòó kí n tó ṣe é. Mo ní ṣé èmi kọ́ ni mo ni bekìrì ni? Ó wá ní kí n lọ wá owó tí màá fi bá wọn parí ẹ̀. Lẹ́yìn owó tí mo ti san fún òun náà! Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀ ni àbí kí n gbowó mi padà? Ẹ dákun.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹni mélòó lẹ dá dúró? Báwo lẹ ṣe sọ fún wọn? Ẹ ò sọ ìyẹn rárá.

Alhaji Oníbúlọ́ọ̀kù: Àwọn lọ́yà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Dírẹ́bà mi ń fa dísẹ́lì tà, mo lé e lọ́jọ́ náà, mi ò pè é kó wá rojọ́. Ó gbé mi lọ sí kóòtù. Lọ́yà mi, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló mọ̀, ó kàn ń ké mọ́ wọn ní kóòtù. Adájọ́ ní ṣé mo fún ọmọkùnrin yìí láyè kó sọ tẹnu ẹ̀? Owó tí mo san ju owó dísẹ́lì lọ fíìfíì. Olè náà ló gbowó o!

Ṣadé HR: Mà, ìbéèrè tí lọ́yà yín ń bi yín, inú òfin ló ti mú un. Apá 20 nínú Labour Act, òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà: ẹni tó bá fẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù á kọ́kọ́ sọ ìdí ẹ̀ àti bó ṣe máa pọ̀ tó fún ẹgbẹ́ wọn tàbí aṣojú wọn, ẹni tó dé kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ lọ, àmọ́ ẹ lè wo ẹni tó mọṣẹ́ jù àti ẹni tó ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, ẹ ó sì gbìyànjú láti bá wọn dúnàádúrà owó ìdádúró. Ìkìlọ̀ tẹ́ ẹ máa fún wọn kí iṣẹ́ tó bọ́ tún wà, ẹni tó ti lo ọdún 5 sókè, oṣù kan, ọdún 2 sí 5, ọ̀sẹ̀ 2, tẹ́ ò bá fẹ́ kí wọ́n dúró kẹ́ ẹ san owó àsìkò yẹn. Ìwé tó ń sọ iṣẹ́ àti owó kálukú náà, kò gbọ́dọ̀ ju oṣù 3 lọ lẹ́yìn tí wọ́n wọlé kẹ́ ẹ tó fún wọn.

Ìyá Bekìrì: Ẹ̀yin HR lẹ̀ ń bayé jẹ́. Ìwé wo? Ìyá mi ò kọ ìwé fún ẹnì kankan rí, wọ́n sì bá a ṣiṣẹ́. Kì í ṣe pé mi ò sọ fún wọn, mo kọ orúkọ wọn sórí gúrúùpù WhatsApp bekìrì lálẹ́ Sọ́ńdè, mo ní kí wọ́n má wá ní Mọ́ńdè, mo tún ṣàdúrà fún wọn nísàlẹ̀ ẹ̀.

Mesí Ọ̀gọ̀: Lórí gúrúùpù 😭 pẹ̀lú àdúrà! Bí wọ́n ṣe ṣe èmi náà nìyẹn, ọ̀gá wa fi káàdì "Ẹ kú Sọ́ńdè" tẹ̀lé e. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká wá láago mẹ́rin ìdájí, ẹ mọ nọ́ńbà wa.

Alhaji Oníbúlọ́ọ̀kù: Ìwọ ọmọ yìí, ìgbà tó o bá ní ilé-iṣẹ́ tìẹ wàá mọ̀. Ṣé ilẹ̀ la ó ti máa hú owó oṣù ni?

Mesí Ọ̀gọ̀: Alhaji, dírẹ́bà yín ti hú tiẹ̀ o.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi Alhaji sílẹ̀. Mà, mi ò fẹ́ gba iṣẹ́ oníṣẹ́, ẹ ti ní lọ́yà. Àmọ́ ẹni tẹ́ ẹ sanwó fún kì í ṣe kó lè máa sọ "bẹ́ẹ̀ ni mà". Látìgbà tí wọ́n ti tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ṣe ní 2011, National Industrial Court, kóòtù ọ̀rọ̀ iṣẹ́, nìkan ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ yìí, ó wà n'Íbàdàn náà, kì í sì ṣe ibi téèyàn á ti máa sọ pé èmi ni mo ni ín. Ìbéèrè méjì: ṣé wọ́n ti pè yín lẹ́jọ́? Ṣé ẹ ti gba ẹlòmíì sípò àwọn tó lọ?

Ìyá Bekìrì: Kóòtù kankan ò pè mí, lẹ́tà lásán ni lọ́yà tiwọn kọ. Ti gbígba èèyàn, kí ló kàn yín níbẹ̀? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì àti ọ̀rẹ́ wọn méjì ni, wọ́n kàn ń bá mi gbé búrẹ́dì síná ni, owó wọn ò tó ìdajì ti àwọn yẹn. Àwọn tí mo ní kí wọ́n lọ gan-an, ẹ ò mọ nǹkan tí wọ́n ṣe, wọ́n ń kọ orúkọ kiri pé àwọn fẹ́ wọ yúníọ̀nù, pé kí n san ẹgbẹ̀rún 70 náírà tí ìjọba kéde pé owó oṣù ò gbọ́dọ̀ kéré sí.

Ọmọ Ìjẹ̀bú: Yéè.

Lọ́yà Àdúgbò: Háà, mà. Ohun tí òfin ń pè ní ìdínkù òṣìṣẹ́ ni pé èèyàn pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Tí èèyàn tuntun bá ti wà nídìí ààrò, ta ló wá pọ̀ jù? Apá 9 òfin yẹn kan náà sì ní ẹ ò gbọ́dọ̀ lé èèyàn torí pé ó wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ṣé lọ́yà yín mọ èyí?

Ìyá Bekìrì: Ó bi mí bóyá mo ti gba ẹlòmíì, mo ní rárá. Ṣé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹbí lèèyàn ń tú fún ẹni tó ń gbowó ni?

Ṣadé HR: Mà, ẹni mélòó lẹ ní tẹ́lẹ̀?

Ìyá Bekìrì: 31. Mẹ́sàn-án ló lọ.

Ṣadé HR: Ó ku 22. Ẹni tí òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò bá tó 25, òfin ẹgbẹ̀rún 70 ò mú un. Ohun tí lọ́yà wọn máa kọ́kọ́ rí nìyẹn, á ní torí ẹ̀ lẹ ṣe dín wọn kù. Ẹ wá fi àwọn mẹ́rin yẹn kún un, ó tún di 26, òfin náà tún mú yín.

Ìyá Bekìrì: Mi ò ṣe ìṣirò kankan, ẹ má fi ẹnu yín kó bá mi. Fúláwà ni mo sọ.

Mesí Ọ̀gọ̀: Fúláwà ló ń wọ yúníọ̀nù?

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ dákẹ́ ná. Mà, ẹ pe lọ́yà yín lónìí kó tó fèsì lẹ́tà yẹn. Tó bá kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ ló pọ̀ jù, tí wọ́n wá gbé fọ́tò àwọn ọmọ yẹn jáde ní kóòtù, irọ́ yín nìyẹn, kò sí lọ́yà tó lè gbà yín níbẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ fún un, òfin ò gbà kó gbé e síta láìgba àṣẹ yín. Owó tó ní kẹ́ ẹ wá, irọ́ tẹ́ ẹ pa fún un ló fi ṣírò ẹ̀ o. Ẹ wá owó náà báyìí, kí wọ́n tó pẹjọ́.

Alhaji Oníbúlọ́ọ̀kù: Ẹ gbọ́ tiẹ̀, èmi ò bá ti gbọ́.

Ìyá Bekìrì: Mo ti pè é, kò gbé e, Sátidé ni. Tó bá gbé e, ṣé kí n kọ́kọ́ sọ ti owó ẹ̀ tó kù tí mi ò tíì san ni, àbí ti àwọn ọmọ yìí?

Lọ́yà Àdúgbò: Ti àwọn ọmọ, mà.