Ibùkóràn tàbí ojú èèràn?

Olùkọ́ ìmọ̀ ìlera kan ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì dábàá pé kí a máa pe ibi tí ènìyàn ti kó àrùn tó ń ràn ní “ibùkóràn”, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe ibi tí a ń sùn ní ibùsùn, kí “ìtọpasẹ̀” lè dúró fún wíwá àwọn tí aláìsàn ti fara kàn lẹ́yìn tí àìsàn ti mú un. Mo fara mọ́ ìpínyà náà pátápátá, nítorí iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. “Kó” tó wà nínú ibùkóràn ni kò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ẹni tí wọ́n bá ní ó “kó àrùn” láàrin wa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di oníṣekúṣe, nítorí àtọ̀sí àti éèdì ni ọkàn olùgbọ́ kọ́kọ́ ń lọ sí. Bí òṣìṣẹ́ ìlera bá tọ ìyá àgbà kan lọ l'Ádó, tó bèèrè pé, “Ìyá, níbo lẹ ti kó o?”, ohun tí yóò gbọ́ ni, “Kí ni mo kó? Èmi ò kó nǹkan ẹnì kankan o,” ìwádìí ti parí nìyẹn. “Ràn” kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi: àrùn ló ràn mí, n kò lọ mú un. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a máa pe ibẹ̀ ní “ojú èèràn”, bí a ti ń sọ pé ojú ogun àti ojú odò. (Àwọn kan yóò kọ́kọ́ rò pé Àpólò, àrùn ojú, là ń wí, yóò mọ́ wọn létí.)

“Orísun àrùn”, ìyẹn ibi tí àrùn ti ṣẹ̀ wá, kò lè rọ́pò “ojú èèràn”, ibi tí ó ti ran ènìyàn. Nígbà tí onígbáméjì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Soho, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1854, dókítà kan tó ń jẹ́ John Snow sàmì ilé àwọn tó kú sórí máàpù, ó sì rí i pé ẹ̀rọ ìfami kan ní Broad Street ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń pọnmi, bẹ́ẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó wà nítòsí, tí wọ́n ń mu ọtí dípò omi, kò kú. Ẹ̀rọ yẹn ni ojú èèràn. Kòtò ìgbẹ́ tó ń jò sínú kànga ni orísun. Ní ti ibà Lassa, eku ni orísun, ṣùgbọ́n ojú èèràn lè jẹ́ ibi tí a sá gààrí sí láìbò ó, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn aláìsàn.

Ìbéèrè òṣìṣẹ́ ìlera gan-an ni ó yẹ kó kọ́kọ́ yí padà. Níwọ̀n bí Lassa ti lè wà lára fún ọjọ́ 2 títí di 21 kí ó tó hàn, “Níbo lẹ dé, kí lẹ jẹ, ta lẹ sì tọ́jú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn?” ni ìyá yẹn yóò dáhùn.